Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Nínú Ọkọ̀ ní Ọ̀fun Aríyọ̀

Ẹ sún wá síbí, ẹ̀yin ará mi, abẹ́ igi odán yìí gbà wá. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lóko kó tètè máa lọ, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, n kò sì ní padà sẹ́yìn fún ẹni tó sùn lọ. Làmídì, mo rí ọ o. Gbé abọ́ ẹ̀pà yẹn sáàárín kí gbogbo wa jọ máa jẹ ẹ́. Èmi Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́kúnmi ló fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà bàrá kúrò lọ́nà, èmi tí ìnàkí ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ tó bá ń sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wọ igbó lọ bi ìnàkí.

Èmi àti ẹkùn ti wo ara wa lójú rí títí ẹkùn fi kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti sùn lórí igi tí ejò pọ̀ lórí rẹ̀ ju ewé lọ, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ejò ló bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìhanrun mi kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi àti omi kì í ṣe ẹgbẹ́. Ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, inú kànga la ti ń rí omi, kànga kì í sì í lé èèyàn. Omi tó bá ti kọjá orúnkún mi, láti òkèèrè ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá, òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò bá omi ṣọ̀tá, mo kàn ń bẹ̀rù rẹ̀ jẹ́jẹ́ ni.

Bí mo ṣe ń bẹ̀rù yìí náà ni ọmọge kan ṣe kó mi sí wàhálà. Mo yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan lọ́jọ́ kan, ọta bà á, kò ṣubú, ó ń sá lọ, mo ń lé e, títí a fi yọ sétí odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Aríyọ̀. Àgbọ̀nrín kò wẹ̀yìn, ó bẹ́ gbàmù sínú omi. Mo dúró ní bèbè, mo ń pòṣé, mo ń lọ mo ń bọ̀ bí adìẹ tó sàba lé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá wọ omi lọ. Ni mo bá rí ọmọge kan tó dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ ojú omi, àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì di ìwo àgbọ̀nrín mú, ó wọ́ ọ sínú ọkọ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọdẹ, ẹ kú ìdúró o. Ẹran yín ń wẹ̀, ẹ̀yin ń wòran?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará mi, ẹkùn kò pa mí, ejò kò pa mí, ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Omíyalé ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹran tí mo bá rí, apá odò ni mò ń lé e sí.

Nígbà tó yá, mo gbé itan ẹran lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Baba Ọ̀ṣúntókun, olórí àwọn atukọ̀ ní Èbúté-Ìrókò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní ọmọ wọn ni mo wá tọrọ. Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọdẹ, mo gbọ́ pé omi ń bà ọ́ lẹ́rù." Mo ní, "Bàbá, ta ló bà mí lórúkọ jẹ́ tó báyìí?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi náà ni. Ó sì ní bí o ṣe ń bẹ̀rù tó yẹn, ìwọ náà lòun fẹ́." Háà! Orí mi wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fìlà. Mo fẹ́ fò sókè, àmọ́ mo ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, mo wá kàn ń mi ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹja tó dórí ilẹ̀.

Ìyá Omíyalé, tí wọ́n ń jẹ́ Ṣẹ́gilọlá, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò dá sí ọ̀rọ̀ wa, òkè odò ni wọ́n ń wò. Bàbá nawọ́ sí wọn, wọ́n rọra sọ fún mi pé, "Ṣé o rí i bí ó ṣe jókòó yẹn? Bó ṣe ń jókòó lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìyá tó bí i, Ìyá Àgbà Ẹfúnbọ́lá, òkè odò ni wọ́n wà, ní Òkè-Ọ̀fun. Àárín àwa àti ibẹ̀, àpáta méjì ló dúró lápá ọ̀tún àti apá òsì omi, odò gba àárín wọn kọjá. Ọ̀fun Aríyọ̀ là ń pe ibẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn àpáta méjèèjì ti ń bá ara wọn jà, òkò ni wọ́n ń sọ lu gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá. Orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Omíyalé wà nígbà tí ọkọ̀ gba ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, ìyàwó mi kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú ìdílé tiwọn, ọmọge kì í lọ ilé ọkọ àfi bí obìnrin tó dàgbà jù bá gbé ọwọ́ lé e lórí, tó súre fún un. Lọ mú Ìyá Àgbà wá, ọmọ mi di tìrẹ. Bí o kò bá mú wọn wá, Omíyalé á jókòó sílé ni, ìwọ náà á sì lọ bá ìnàkí rẹ."

Mo ní ó dáa. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀ o, orúnkún mi kò sí níbẹ̀. Mo wá bèèrè pé ta ni yóò tukọ̀. Omíyalé dáhùn láti inú ilé pé, "Èmi ni." Bàbá fárí gá, wọ́n ní wọn kì í gbé ọmọge àti àfẹ́sọ́nà sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láìsí ẹnì kẹta, ọwọ́ ọdẹ kì í gbélé. Omíyalé jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹni tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú láti èbúté dé Òkè-Ọ̀fun, ọwọ́ wo ni yóò ṣẹ́kù tí yóò fi kàn mí?" Ilé bú sẹ́rìn-ín, àní Ìyá Ṣẹ́gilọlá náà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, àmọ́ n kò lè bínú, nítorí òótọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo so oògùn mọ́ apá, mo so òmíràn mọ́ ìdí, mo wá wọ ọkọ̀ bí ẹni tó ń wọ ilé àna tí ajá ń ṣọ́. Omíyalé fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, ó fi kan iwájú orí, ó ní, "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o." Mo ní, "Ta lò ń kí?" Ó ní, "Omi." Mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Bí ìwọ bá wọ ilé èèyàn, ṣé o kì í kí onílé ni?" Ó ti àjẹ̀ bọ omi, ọkọ̀ sún, èmi sì di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó rí ọwọ́ mi, ó tún rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bí a ṣe wọ Ọ̀fun Aríyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọdẹ kì í sọ gbogbo ohun tí ojú ọdẹ rí. Àpáta dúró lápá méjèèjì, ó ga, ó ga, ó ga, mo gbé orí sókè títí fìlà mi fi jábọ́ sẹ́yìn. Lókè lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run kò fẹ̀ ju ọ̀já ọmọ lọ. Ara àpáta pupa níbì kan, ó dúdú níbì kan, ìlà funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Omi tín-ín-rín ń tọ́ sílẹ̀ láti òkè, kí ó tó dé ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ á ti gbá a ká, òṣùmàrè á yọ, a ó gba abẹ́ òṣùmàrè kọjá, òmíràn á tún yọ. Afárá oyin so rọ̀ níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò lè dé láé. Àkàlàmàgbò ń fò láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fẹ̀ẹ̀ fẹ̀ẹ̀. Omi tí a wà lórí rẹ̀ dúró rọ́rọ́, ó ní àwọ̀ ewé gbòdògì. Inú mi dùn, inú mi dùn gan-an, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó dẹ́rìn-ín pa mí. Mo pariwo, "Omíyalé! Wo ibẹ̀ yẹn! Wo tọ̀hún!" Ó ní, "Mò ń wò ó." Mo ní, "O ò wò ó dáadáa!" Mo wá nawọ́ sókè láti fi hàn án, ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti jọ̀wọ́ ọkọ̀. Mo yára dì í mú padà.

Bí a ṣe yí kọ́rọ́ kan, òkúta ńlá kan wà láàárín odò, ẹ̀dá kan sì jókòó lé e. Kò ga ju odó lọ. Awọ ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ti ẹja àrọ̀, ewéko odò ni irun orí rẹ̀. Ó ń yọ eyín ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó ń sá a sórí ewé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ eyín." Ó da eyín padà sẹ́nu ní wàrà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Ẹ dúró níbẹ̀. Èmi Afeyínsáòòrùn ni oníbodè Ọ̀fun Aríyọ̀. Kò sí ẹni tó ń kọjá láìsan ohun ibodè."

Mo ní, "Kí ni ohun ibodè?"

Ó ní, "Irọ́ kan ṣoṣo. Kó tóbi, kó dùn, kó jẹ́ èyí tí n kò gbọ́ rí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ kò ti wá mọ́, irọ́ àtijọ́ ni mò ń tún sọ fún ara mi, ó ti sú mi."

Ara mi gbóná. Mo ní, "O ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi Ọdẹ́rìndé kò purọ́ rí láyé mi."

Ó ní, "Ṣé ọdẹ ni ọ́?"

"Ọdẹ paraku ni mí."

"O ò sì purọ́ rí?"

"N kò pa á rí."

Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Èyí dára, àmọ́ ó kéré. Fi òmíràn sí i."

Ẹ wo ìwọ̀sí! Omíyalé ti dorí kodò sínú ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń rín. Mo ní kò burú, bí n kò bá ní irọ́, òótọ́ ni n ó sọ fún un, ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ara mi nínú igbó Agúnrege, tí ẹ̀yin náà ti gbọ́ tẹ́ ẹ sì gbà gbọ́. Mo ní mo yìnbọn fún ẹtu kan, ọta gba inú ẹtu jáde, ó bá ọ̀yà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gba inú ọ̀yà jáde, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tí afárá oyin wà lórí rẹ̀, oyin dà sórí ẹran méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ìka tọ́ oyin lá, ìdí mi ba awó kan tó sàba nínú koríko, awó kú sórí ẹyin. Ọta ìbọn kan, mo ru ẹtu, mo ru ọ̀yà, mo ru awó, mo gbé oyin, mo gbé ẹyin délé, ẹyin kan kò fọ́. Làmídì, kí ló dé tí ò ń wúkọ́? Ẹ̀pà há ọ lọ́fun ni?

Afeyínsáòòrùn la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu òkúta, ó yí gbirigbiri, gbogbo eyín rẹ̀ bọ́ sínú odò pọ́tọ́ pọ́tọ́. Ó ń fi erìgì pariwo pé, "Ẹ kọjá! Ẹ kọjá! Yéè, ìhà mi o! Ẹ tètè kọjá kí n má baà kú!" Mo dìde, mo ní òótọ́ ni, mo ṣetán láti búra. Omíyalé fa aṣọ mi, ó ní, "Jókòó, alágídí. Bó o bá fi yé e pé òótọ́ ni, ó máa ní ká padà." Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ń sọ ọkùnrin dà. Mo jókòó. Mo gbé orúkọ òpùrọ́ rù nítorí obìnrin.

Bí a ṣe ń kọjá, ẹ̀dá náà rí i pé ohun tí mo fún òun ti pọ̀ jù, ó ní òun náà yóò fún mi ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ìbejì ni àpáta méjèèjì tó wà níwájú yẹn. Ẹ mọ̀ pé Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé tó rán an níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Ti ọ̀tún ní òun ni Kẹ́yìndé, ti òsì ní òun ni. Kò sí ẹni tó gbà láti jẹ́ Táyé. Ẹni tó bá kọjá láìkí wọn, àwọn méjèèjì á sọ ọ́ lókò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ọ̀tún, òsì á sọ ọ́ lókò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí òsì, ọ̀tún á sọ ọ́ lókò. Ó dìgbà kan ná o!" Ó bẹ́ lùmọ̀ọ́, ó lọ ń wá eyín.

N kò tíì rò ó tán tí àpáta fi sọ̀rọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ojú ni ihò méjèèjì tó wà lókè, igbó ṣúúrú ni ìpéǹpéjú, àwọn ọ̀bọ sì ń fò nínú irun imú wọn. Ti ọ̀tún ní, "Ìwọ tó ń kọjá, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ o, kí i." Ti òsì ní, "Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni kó kí." Òkúta tó tó ilé ti wà lọ́wọ́ kálukú. Mo sọ̀rọ̀ sí Omíyalé létí, mo ní, "Fọkàn balẹ̀, ọgbọ́n ti dé. Bí mo bá fi ẹnu kí wọn, orúkọ ẹnì kan á ṣáájú. Ara ò ní èyí tó ń ṣáájú. N ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì." Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ o." Mo ní, "Nílùú tiwa, ọmọ tó bá jókòó kí àgbà, wọ́n ń bi í bóyá ó ní bàbá." Ó ní, "Mo bẹ̀ ọ́." Àmọ́ ta ló ń gbọ́? Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ ní òòró ọkọ̀, n kò kọjú sí ẹnì kankan nínú wọn. Mo dìde, mo jọ̀wọ́ ara mi, mo nà gbalaja ní ìbú ọkọ̀. Orí mi yọ sóde lápá kan, ẹsẹ̀ mi yọ sóde lápá kejì, mo ní, "Ẹ kú ilé o!"

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ẹní. Ó ní gbàgà, ó ní gbìrì, ó dojú dé. Kí n tó mọ̀, omi ti wọ imú, omi ti wọ etí, ìbọn mi rì, gbogbo oògùn tó wà lára mi ń fa ìsàlẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún omi nínú wọn. Àpáta òsì sì ń ké tantan lókè pé, "Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi kí mi! Ó kọ orí sí Táyé, ó wá kọ ẹsẹ̀ sí èmi!" Àpáta ọ̀tún ní, "Ta lò ń pè ní Táyé?" Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, gbìì, gbìì, omi ń fò sókè bí ìgbà tí ilé bá ń wó. Omíyalé wẹ̀ wá, ó gbá ìgbànú mi mú, ó fà mí sókè, ó gbé ọwọ́ mi lé ìdí ọkọ̀ tó dojú dé. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó o bá kú, mo máa pa ọ́."

Ibẹ̀ ni mo wà, tí mo ń pọ omi jáde lẹ́nu, nígbà tí àpáta ọ̀tún tún pariwo pé, "Ẹni tó bá gbọ́n kó dá mi lóhùn! Àlọ́ o! Kí ló ń gba àárín àwa méjèèjì kọjá tọ̀sán-tòru, tí kì í kí wa?" Mo wò yí ká. Ojú ọdẹ ni mo fi wò ó, ojú tí mo fi ń mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran kan yàtọ̀ sí òmíràn. Mo rí ìlà funfun tó wà lára àpáta ọ̀tún, ibi tó ti gé kúrò gan-an náà ló ti bẹ̀rẹ̀ lára ti òsì, kò ga jù ú, kò rẹlẹ̀ sí i. Òkúta kan ni wọ́n. Omi tí mo wà nínú rẹ̀ yìí ló la wọn sọ́tọ̀, òun ló sọ wọ́n di méjì. Mo fi gbogbo agbára tó kù kígbe pé, "Odò ni! Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló la yín sáyé? Bí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé ìyá ló ń kí ọmọ ni, àbí ọmọ ló ń kí ìyá?"

Òkò dúró. Àwọn ọ̀bọ náà kò fò mọ́. Mo rí i pé wọ́n ti gbọ́ mi, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí, ìbínú ti gbé mi, n kò bẹ̀rù mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ burúkú! Ẹ ń jà sí ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ kí, ìyá tó bí yín wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láti àárọ̀ ọjọ́, ẹ ò sọ pé ẹ kú o! Òkúta lẹ tún ń sọ lù wọ́n!" Àpáta òsì ní, "Háà. Ìyá wa." Àpáta ọ̀tún ní, "A ti ń sọ òkò lu ìyá wa." Ohùn wọn rẹlẹ̀ pátápátá. Wọ́n wá wo ara wọn, àwọn méjèèjì sọ pọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ká dọ̀bálẹ̀ fún wọn."

Yé! Ẹ gbà mí! Mo rí i tí àpáta tó ga tó yẹn ń tẹ̀ bọ̀ lápá ọ̀tún, èkejì ń tẹ̀ bọ̀ lápá òsì, igi ń dún ràkà, iyẹ̀pẹ̀ ń ya sí wa lórí, ojú ọ̀run kéré títí ó fi dà bí okùn. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ dojú ọkọ̀ dé ni mo wá ń ké pé, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ o! Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ lórí omi! Ẹ bi mí!" Omíyalé náà fi ohùn tirẹ̀ kún un, "Ẹ fi ọwọ́ bu omi, ẹ fi kan iwájú orí, ó ti tó!" Wọ́n dúró gbọn-in. Wọ́n na gbòǹgbò àti ìtàkùn tó so rọ̀ lára wọn wálẹ̀, wọ́n bu omi, wọ́n fi kan iwájú, wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú." Odò ru gùdù, ó gbé ọkọ̀ wa lókè, ó yí i padà sí ipò rẹ̀, ó gbé èmi àti Omíyalé sínú rẹ̀, ó sì ń tì wá lọ sókè odò, ibi tí omi kì í ṣàn lọ láé. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ bi ìyàwó mi. Ní ti ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà Ẹfúnbọ́lá ń yan ẹja létí omi nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Òkè-Ọ̀fun. Wọ́n kéré, wọ́n gbẹ, àmọ́ ohùn wọn lágbára ju ti ọ̀gágun lọ. Omíyalé kúnlẹ̀, ó sọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n gbóòórùn ọrùn rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ Ṣẹ́gilọlá. Ọmọ Ṣẹ́gilọlá mi." Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Èyí tí omi ń kán lára rẹ̀ ńkọ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi, pé èmi ni ẹfọ̀n rí tó yà. Wọ́n ní, "N kò bi ọ́ ní ti ẹfọ̀n. Kí ló mú ọ bọ́ sómi?" Mo wo Omíyalé, ó ń wo ojú ọ̀run. Mo wá jẹ́wọ́ pé mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Ìyá Àgbà ní, "Nínú kí ni?" Mo ní, "Nínú ọkọ̀, mà." Wọ́n ju ìkọ́ tí wọ́n fi ń yí ẹja sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jóná. Nígbà tí wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Omíyalé, fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbi tí ikú wà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n, ìwọ lè máa fún un díẹ̀díẹ̀." Wọ́n wọ ọkọ̀ kí n tó na ọwọ́ sí wọn.

Nígbà tí à ń padà, Ìyá Àgbà dá ọkọ̀ dúró láàárín Ọ̀fun, wọ́n na ìka sí àpáta méjèèjì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n rí ọmọ mi!" Àwọn àpáta wolẹ̀, òdòdó ni wọ́n kàn ń gbọ̀n sílẹ̀ sínú ọkọ̀ wa. Wọ́n gbọ̀n ọ́n títí ó fi bo wá dé àyà. Mo ti jọ̀wọ́ etí ọkọ̀ nígbà náà, n kò sì mọ ìgbà tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Gbogbo Èbúté-Ìrókò ló ti dúró létí omi nígbà tí a yọ. A kò tíì dé èbúté tí ẹnì kan fi já kúrò láàárín wọn, tó ń sáré bọ̀ nínú omi pẹ̀lú aṣọ lára, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n ní, "Màmá àgbàlagbà wo ló ń sáré nínú omi yẹn? Ẹ sọ fún un kó má ṣubú." Omíyalé ní, "Ìyá mi ni, Ìyá Àgbà. Ọmọ yín ni." Wọ́n ní, "Rárá o. Ọmọ mi kò ní ewú lórí."

Ìyá Ṣẹ́gilọlá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sínú omi, omi dé wọn lágbọ̀n. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá mi." Ìyá Àgbà wo ojú wọn pẹ́. Wọ́n tú gèlè tó wà lórí ọmọ wọn, wọ́n fi ọwọ́ bọ inú irun funfun yẹn, wọ́n ní, "Ta ló ń bá ọ dirun láti ìgbà yìí?" Wọn kò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n fa orí ọmọ wọn mọ́ etí ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la irun rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í di í níbẹ̀, láàárín omi. Baba Ọ̀ṣúntókun wọ omi wá, wọ́n bá mi di ọkọ̀ mú kó má baà mì. Èmi náà ti bọ́ sílẹ̀, omi dé mi láyà, n kò sì bẹ̀rù. Ẹnikẹ́ni kò rántí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, n kò sì rán ẹnikẹ́ni létí. Ó pẹ́ kí Ìyá Àgbà tó rántí fúnra wọn. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ìdirun ọmọ wọn mú kó má tú, wọ́n na ọwọ́ kejì sẹ́yìn, wọ́n wá orí Omíyalé títí wọ́n fi rí i, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé e lórí.